Èmi àti Ìkejì Mi, Ọmọ Ẹdun

Nígbàkúùgbà tí mo bá ń ti Ìyànà Ọ̀fà lọ sí abúlé wa, ojú mi a máa yà sí apá òsì ọ̀nà, níbi tí igbó odò wà nígbà kan. Kò sí igbó níbẹ̀ mọ́. Ilé adìyẹ onípáànù ló wà níbẹ̀ báyìí, àti búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sá sóòrùn, àti ilé kan tí onílé bẹ̀rẹ̀ tí kò parí, tí koríko ti ń yọrí lójú fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹdun, irú ọ̀bọ kan, ló ń gbé inú igbó náà. Wọ́n dúdú, ìrù wọn gùn, wọ́n sì máa ń fò láti orí igi kan dé òmíràn bí ẹni pé àwọn igi ló ń jù wọ́n síra wọn. Láàárọ̀, bí ìrì bá ṣì wà nílẹ̀, a máa ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé. N kò mọ ọdún tí ohùn náà dákẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù nípa rẹ̀ nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó kíyè sí ọjọ́ tí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn lọ.

Ìbejì ni mí. Ọmọ ẹdun ni wọ́n ń pe ìbejì nílẹ̀ wa, ilé tí wọ́n bá sì ti bí ìbejì, wọn kì í jẹ ẹran ẹdun. Ọdẹ kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé bó bá pa ọ̀kan nínú àwọn ẹranko náà, ẹ̀yìn ilé ló máa ń gbà kọjá, kò jẹ́ gbé e kọjá níwájú ilé wa. Baba wa ti ṣèrìbọmi kó tó fẹ́ ìyá wa, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìpa ọjọ́ ìsinmi kan jẹ. Síbẹ̀, wọn kò se ẹran ẹdun rí nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà bi í nípa rẹ̀, ó dáhùn pé ẹran kọ́ ló wọ́n lóko.

Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, nítorí náà èmi ni àbúrò. Àwa tí a bí síbí kò rí ohun ìyanu nínú èyí: ẹ̀gbọ́n ló dúró lẹ́yìn, òun ló rán àbúrò ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó sì jíṣẹ́ bó bá dùn. Ẹnìkejì mi fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ ayé. Bó bá fẹ́ kí n bá òun bu omi, a ní òun ti ń rán mi níṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi, ṣé omi ni n kò wá ní lè bù? Ojú wa jọra débi pé ìyá wa pàápàá máa ń wo àpá kan tó wà lẹ́sẹ̀ mi kó tó bá ẹni tó ṣẹ̀ wí.

A jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a sì jọ jáde. Lẹ́yìn náà ni àìsàn ẹsẹ̀ dá baba wa dùbúlẹ̀, ó wá di dandan kí ọ̀kan nínú wa dúró ti oko kòkó. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè. Ẹnìkejì mi ló fúnra rẹ̀ mú àdá, ó ní ẹ̀gbọ́n ni òun, òun tún rán mi ṣáájú. Bí mo ṣe dé ilé ìwé girama nìyẹn, tí mo sì ti ibẹ̀ dé yunifásítì, níbi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí.

Mo rántí ọ̀sán tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wa pé ènìyàn àti ọ̀bọ ní baba ńlá kan náà, pé láti ìran dé ìran, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún tí ọkàn ènìyàn kò lè kà tán, ni àwọn ẹ̀dá ń yí padà, tí àwọn tó bá ibùgbé wọn mu ń yè, tí àwọn tí kò bá a mu ń parun. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́, ilé àlùfáà àti ilé tíṣà ni wọ́n ti wá. Ẹnì kan dìde, ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Èmi, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ní ilé wa, wọ́n ti ń pè mí lọ́mọ ẹdun kí n tó mọ̀ ọ́n kà.

Nígbà tí mo dé fún ìsinmi, inú oko ni mo ti sọ ọ́ fún ẹnìkejì mi, níbi tí a ti jókòó ti òkìtì kòkó tí a ń fọ́. Ó fetí sí mi títí mo fi parí. Ó wá ní ọmọ ẹdun ni òun, òun kò sì sẹ́ rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe òun lọ́mọ ọ̀bọ, òun àti onítọ̀hún yóò jọ dé ààfin. Mo ní kò sí ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ láàárín méjèèjì. Ó ní ìyàtọ̀ wà: wọ́n ń fi ọ̀kan ki òun, wọ́n ń fi èkejì bú òun.

Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó gbé agbọ̀n tí a ń kó kòkó sí sókè. Ó ní bí òun bá rí irú agbọ̀n yìí lójú ọ̀nà oko, tí kò sẹ́nikẹ́ni nítòsí, òun kò ní sọ pé atẹ́gùn ló kó ọpá jọ. Òun yóò bèèrè ẹni tó hun ún. Ojú ènìyàn ńkọ́, tó ju agbọ̀n lọ? Ilé ẹ̀gà ńkọ́, ta ló kọ́ ẹyẹ bí a ti í hun ún?

Mo dá a lóhùn pé agbọ̀n kì í bímọ. Bí agbọ̀n bá ń bímọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì jọra tán, tí a ń sọ àwọn tó ń jò sínú iná, tí a ń jẹ́ kí àwọn tó gba kòkó dúró tún bímọ tiwọn, yóò di ọjọ́ kan tí a óò rí agbọ̀n tó dára ju èyí lọ, tí kò sì sẹ́ni tó hun ún.

Ó ronú sí i. Ó fọ́ kòkó kan, ó tún fọ́ òmíràn.

Ó ní, “Ta ló ń sọ èyí tó ń jò sínú iná?”

Mo ní kò sẹ́nì kankan. Òjò ni, ebi ni, àìsàn ni.

“Ẹnì kan ṣá ló ń ṣà á,” ló wí, ó sì ju àdá sílẹ̀ bí ẹni tó ti parí ẹjọ́.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ ohun tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Mo di tíṣà báyọ́lọ́jì, mo kọ́ àwọn ọmọ ní Lagelu, mo kọ́ wọn ní Ẹgbẹ́dá, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òun wà lóko, ó fẹ́yàwó, ó tún oko baba wa gbìn, nígbà tó sì yá wọ́n fi í jẹ bàbá ìjọ. Ìyàwó rẹ̀, tí kò lè pe orúkọ mi nítorí ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni mí, sọ mí ní Akọ̀wé, orúkọ náà sì mọ́ mi lára. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ bá wọn. Bí a bá ti jẹun tán, ìyàwó rẹ̀ a kó àwo, a ní òun fẹ́ lọ sinmi ní yàrá kí ọ̀bọ àti ẹ̀gà tó dé. Ẹni tí kò mọ̀ wá ìbá rò pé ìjà ni. Eré wa ni. Láyé àgbà, kò sẹ́lòmíràn tí mo lè bá sọ ọ́. Àwọn tí a jọ kàwé ti tú ká, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ohun tí mo kọ́ wọn sínú ìdánwò, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé. Òun nìkan ló ń rò ó láti Sátidé dé Sátidé.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Àwọn alágbàṣe pa ojòlá kan lábẹ́ ewé kòkó gbígbẹ, wọ́n sì wọ́ ọ jáde sójú ọ̀nà. Mo pe ẹnìkejì mi. Mo yí ikùn ejò náà sókè, mo sì fi nǹkan méjì hàn án nítòsí ìdí ìrù rẹ̀, èékánná kékeré méjì bí ti ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mo ní kó wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́kù yẹn. Àwọn baba ńlá ojòlá ń fi ẹsẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ náà sì ń kéré sí i láti ìran dé ìran títí ó fi ku ìwọ̀nba yìí. Mo ti mú un, mo rò. Kí ni ẹni tó ń ṣe ẹ̀dá láti inú èrò ọkàn rẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ tí kò lè tẹlẹ̀ ṣe lára ejò?

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan èékánná náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọdé.

Ó ké sí àwọn alágbàṣe, ó ní, “Ẹ wá wò ó. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kà á sí wa létí pé Ọlọ́run ṣépè fún ejò nínú ọgbà, pé kó máa fi àyà wọ́. Ṣé ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ rí ni wọ́n ń ṣe irú èpè yẹn fún? Akọ̀wé ti bá wa rí kùkùté ẹsẹ̀ náà.”

Àwọn alágbàṣe rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ṣe àmín. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó sọ ọ́ fún ìjọ, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo wọn. Nínú gbogbo ayé mi, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n yìn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí mo bá ń rántí ìgbà yẹn, inú mi a máa dùn, a sì máa bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. N kò mọ̀ pé eré lè dópin.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà ni kò rí èémí mí dáadáa. Dókítà ní Ìbàdàn sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, pé oògùn yóò ràn án lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ di ọ̀dọ́. Kò lè sùn gbalaja mọ́, orí àga ló ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó kọjú sí oko. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Láàárín àkókò yẹn, ìjọ pe ọ̀mọ̀wé kan láti ìgboro pé kó wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìṣẹ̀dá. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, ó sì ń gbé àwòrán jáde sí i. Wọ́n gbé ẹnìkejì mi dé ibẹ̀ tàga-tàga, èmi náà sì jókòó tì í. Ọkùnrin náà fi kòkòrò kan hàn wá, tí ojú lásán kò lè rí, tó ní ìrù tín-ín-rín tó ń yí bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó ní bí a bá yọ ẹyọ kan péré kúrò nínú ẹ́ńjìnnì náà, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà kò lè jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló dé. Ọlọ́gbọ́n kan ló jókòó tó tò ó.

Ẹnìkejì mi gbá ọwọ́ mi mú. Nígbà tí a padà délé, ó ní kí n dáhùn. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Mo ní a ti rí apá kan nínú ẹ́ńjìnnì náà lára àwọn kòkòrò mìíràn, tí kò wúlò fún wíwẹ̀ rárá, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń fi í ṣe. Bí a ṣe ń fi igi àjà tó wó ṣe ọgbà ewúrẹ́ ni. Ẹni tó bá rí ọgbà náà kò ní mọ̀ pé àjà ló jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Mo dúró kó wá fi èsì rẹ̀ lù mí. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, orí ló mì. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti di nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì sọ fún mi.

Ó sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Omi ń kán láti etí páànù. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìdáná. Ó ní kí n sún àga mi mọ́ òun.

Ó ní, “Ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo mọ ibi tí mò ń lọ.”

Mo ní kó má sọ̀rọ̀ ikú.

“Jẹ́ kí n sọ ọ́. A jọ wà nínú ikùn kan. A jọ wá. Bí mo bá débẹ̀, tí mo yíjú, tí n kò rí ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ńkọ́?”

Mo fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Mo rán ọ ṣáájú pé kí o lọ wo ayé. O wò ó, o kàwé lé e, o wá jíṣẹ́ fún mi pé kò sẹ́ni tó dá a.” Ó sinmi kí èémí rẹ̀ tó padà. “Bá mi tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Sọ fún mi pé Ẹnì kan ló mọ àwa méjèèjì. Mi ò ní bi ọ́ léèrè nǹkan mìíràn mọ́.”

Ó rọrùn láti sọ. Gbólóhùn kan ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá ti sọ ọ́ kí ó tó parí ẹ̀bẹ̀, wọn ìbá sì tún fi àmín kún un. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wò mí, ojú èmi fúnra mi ni. Láti kékeré, n kò lè purọ́ fún un kó má mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò lè purọ́ fún mi. Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé àánú ló mú mi sọ ọ́, yóò sì mú un lọ bí ẹni tó gbé òfìfo igbá. Àti pé gbogbo ohun tó wà láàárín wa ni pé ohun tí mo bá sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i.

Mo wá inú mi kiri fún ohun tó jẹ́ òtítọ́ tí mo lè fún un. Nígbà tó pẹ́, mo ní, “Ẹyin kan ṣoṣo ni wá. Kì í ṣe méjì. Ìwọ àti èmi, ẹnì kan ni wá níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pín.”

“Kí ló pín in?”

“Mi ò mọ̀.”

“Àwọn tó kọ́ ọ ńkọ́?”

“Wọn ò mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kà títí di òní, n kò rí ẹni tó mọ ìdí tí ẹyin kan fi máa ń di ènìyàn méjì.”

Ó pa ojú dé. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Omi ṣì ń kán. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò la ojú.

“Kò tó,” ló wí. “Ṣùgbọ́n n ó gbé e bẹ́ẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un. Ó mu díẹ̀, ó ní iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ní ahọ́n arúgbó ló ń tàn án jẹ. Mo dúró tì wọ́n títí oòrùn fi rọlẹ̀. A kò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ oko la sọ, ti kòkó tó ń rà dúdú lórí igi nítorí òjò tó pọ̀ jù, ti àwọn ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ kó wá máa gbé pẹ̀lú àwọn nígboro, tó sì ń kọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mo jókòó níwájú ilé mi ní Ìyànà Ọ̀fà láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ àkọ́bí rẹ̀ dúró. Ìyàwó ẹnìkejì mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìró tó fi ń lọ sóko ló ró, gèlè rẹ̀ kò dúró dáadáa lórí. Ọmọ rẹ̀ dúró ti ọkọ̀, kò wò mí. Mo ti mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ní ilẹ̀ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún èyí tó kù, ìrìn àjò la máa ń ní ó lọ. Àwọn ìyá wa àgbà ló máa ń ṣe é, nígbà tí ikú ń pa ọmọdé kiri, kí èyí tó wà láàyè má baà fẹ́ tẹ̀ lé èkejì. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ìgbàgbọ́ lásán ni. Ẹnìkejì mi náà ti wàásù lòdì sí i, ó ní ìṣe kèfèrí ni, kò yẹ onígbàgbọ́. Ìyàwó rẹ̀ yìí, ìyá ìjọ ni. Orí àga iwájú ló ń jókòó nígbà tó ń gbọ́ ìwàásù náà.

Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

“Akọ̀wé mi,” ló wí, “ẹnìkejì yín ti lọ sí Èkó o.”

Mo wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Kò gbé ojú kúrò, kò sì jẹ́ kí omi tó wà nínú rẹ̀ já bọ́. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń bèèrè ìgbà tó ní òun ń bọ̀.

“Kò dá ìgbà kankan. Ó ní kí ẹ má kánjú wá bá òun.”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù. Nígbà tó dìde, mo wọlé lọ wá bàtà mi, a sì jọ wọ ọkọ̀ lọ.